BÁ MI ṢẸ̀FẸ̀, MÁ FI MÍ ṢẸ̀FẸ̀

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé oṣù, tí a tẹ̀ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò lè wá)

Ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe olùkọ́. Ìwé Mẹ́fà ni a kà mọ, òwò ni ó kọ́ wa ní ìyókù, ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sì ni ìwé tí a ń kọ jù lọ. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti pàṣẹ pé kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fẹ̀ àti àwàdà, nípa ohun tí ó ń mú kí wọ́n pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, àti ohun tí ó ń sọ wọ́n di ìjà. Ẹni tí ó bá wà ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá mọ ìdí rẹ̀: eré tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ̀dún ni ó fẹ́ pín ilé yìí sí méjì. A óò dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí èdè wa fúnra rẹ̀ wí. A lè bá ènìyàn ṣẹ̀fẹ̀, a sì lè fi ènìyàn ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn síra. Ẹni tí a bá ṣẹ̀fẹ̀ ní ẹnu láti fèsì. Ẹni tí a fi ṣẹ̀fẹ̀ dà bí igi ìdáná: òun ni ó ń jó, kí àwọn ẹlòmíràn lè yá iná. Gbogbo ohun tí a ní láti sọ lónìí kò ju èyí lọ, àfi pé a óò fi àpẹẹrẹ tì í lẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé àwa tí a ń ṣòwò àlùbọ́sà àti ẹ̀wà kì í jókòó sí Òkè Ọya níhìn-ín kí á máa retí owó. A máa ń tẹ̀ lé ẹrù wa ni. A ó gba Lọ́kọ́ja, a ó kọjá Òkénè, Auchi àti Ekpoma, títí a ó fi dé Ìlú Ìbínní, a ó sì já ẹrù ní ọjà Ekiosa. Èdè Ẹ̀dó ni orúkọ náà. Eki ni wọ́n ń pe ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀fẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kí ó jókòó lórí àpò àlùbọ́sà ní Ekiosa láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ọmọ Ẹ̀dó, Ìshán, Ùròbò, Ìgbò, Hausa àti àwa Yorùbá ni ó ń bẹ níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè tirẹ̀, Pìjìn ni a sì fi ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Níbi tí Pìjìn kò bá tó, ẹ̀rín ni a fi ń dí àlàfo.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìnájà lásán. Oníbàárà á dé, á ná ọjà wálẹ̀ débi tí inú yóò fi bí ni. Bí a bá bínú sí i, ó lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé àlùbọ́sà ni ẹ ń ná ni, tàbí èèpo rẹ̀?", yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fi nǹkan lé e. Ohun kan náà ni a sọ, pé owó rẹ̀ kò tó. Bí a bá là á mọ́lẹ̀ lójú ọjà, ìtìjú ni fún un. Bí a bá gbé e gba ọ̀nà èèpo àlùbọ́sà, kò sí ẹni tí ojú tì, ọ̀rọ̀ náà sì ti wọlé.

Màmá kan wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀dó pọ́ńbélé, tí ó ti ń rajà lọ́wọ́ wa láti ọdún pípẹ́. Ó gbọ́ Yorùbá dé ìwọ̀n tí ó lè fi bú wa. Ní ọjọ́ kan tí owó àlùbọ́sà gbẹ́nu sókè, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa yìí, láti ọjọ́ tí bàbá yín ti kúrò ní Ìbínní lọ sí Ifẹ̀ ni ẹ ti gbàgbé ilé. Ṣé iye tí ẹ ó tajà fún ìyá yín nìyí?"

A ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ yín ni wá lóòótọ́, ìyá wo ni í ní kí ọmọ dín owó kù fún òun? Ìyá ni í fún ọmọ lówó. Ẹ san án pé, kí ẹ sì fi owó oúnjẹ lé e."

Gbogbo ìsọ̀ tí ó yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò dákẹ́. Ó tẹjú mọ́ orí wa, ó ní, "Ọmọ tí irun rẹ̀ ti ń funfun báyìí, ìyá kọ́ ni í bọ́ ọ. Òun ni í bọ́ ìyá." Ó mú àlùbọ́sà ńláńlá mẹ́ta lé orí èyí tí ó san owó rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. A kò lè ké sí i. Ó ti borí wa lójú gbogbo ènìyàn, àwa gan-an ni a sì rẹ́rìn-ín jù.

Ẹ mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Àwa gbà pé láti Ifẹ̀ ni Ọ̀rànmíyàn, ọmọ Odùduwà, ti lọ bẹ̀rẹ̀ ìran ọba tí ó wà ní Ìbínní. Ní 2004, Ọba Erediauwa tẹ ìwé kan jáde, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé Ekaladerhan, ọmọ Ògìso tí wọ́n lé jáde ní Ìbínní, ni ẹni tí ó di Odùduwà ní Ifẹ̀. Ọ̀ọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé kò gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì gbóná. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń fà á títí di òní, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi èébú fà á. Ní Ekiosa, àlùbọ́sà mẹ́ta ni ó ná wa. Ẹ̀fẹ̀ kò parí ẹjọ́ náà, kò sì sọ pé ta ni ó jàre, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ẹ̀yà méjì lè máa tajà fún ara wọn nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ wá gbọ́ ìdàkejì rẹ̀. Ọmọkùnrin Yorùbá kan dé sí ọjà náà, ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Kò ì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín àwọn ìyá Ẹ̀dó jẹ, bí wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ohùn náà pé o! Bí ẹ bá di ojú yín, ẹ ó rò pé obìnrin ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan tí ó fèsì. Wọ́n kàn ń wò ó ni, wọ́n sì ń kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, tòmátò rẹ̀ ti ń jẹrà.

Ó bi wá pé, kí ló dé? Màmá yẹn kò ha bú wa bí? Ó bú wa. Ó tilẹ̀ pe bàbá wa ní ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ju okùn sí wa, ó fi ìdí kan rẹ̀ sílẹ̀ fún wa láti dì mú. Ẹni tí a fi ohùn rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ kò lè fèsì, nítorí ẹnu tí yóò fi fèsì gan-an ni a ti bà jẹ́ mọ́ ọn lójú. Bí ó bá sọ̀rọ̀, a ó tún rẹ́rìn-ín. Nítorí náà yóò dákẹ́, àwa ó sì rò pé kò bínú.

Àwọn àgbà tí wọ́n ń pa àlọ́ fún wa mọ nǹkan yìí dájú. Ta ni wọ́n mú láti fi pa wá lẹ́rìn-ín? Ìjàpá ni, ẹranko kékeré tí kò ní ẹ̀yà, tí kò ní ìlú tí yóò bínú nítorí rẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tí ó lọ kí àna rẹ̀, tí ó bu oúnjẹ gbígbóná sínú fìlà, tí ó sì dé e mọ́rí. Àna ń sìn ín sọ́nà, wọ́n ń kí i, wọ́n ń bèèrè ará ilé, ó ń jó gìdìgìdì nítorí ooru, wọ́n sì rò pé inú rẹ̀ ni ó dùn. Kí ni ó ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì ṣe fìlà. Ó jẹ́ pé àwa tí a ń gbọ́ àlọ́ mọ ohun tí àna kò mọ̀. Bí a bá gbé fìlà náà kúrò lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ̀rín parí.

Ọ̀gbẹ́ni Wọlé Ṣóyínká lo ọ̀nà kan náà nínú eré Brother Jero, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1960, tí àwọn ọmọ wa sì ń kà ní ilé ìwé. Wòlíì etí òkun kan ra aṣọ àwìn lọ́wọ́ obìnrin oníṣòwò, kò sì fẹ́ san án. Obìnrin náà wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ọmọ ìjọ wòlíì kan wà tí ó máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun na ìyàwó òun, wòlíì kì í sì í gbà. Ìgbà tí wòlíì mọ̀ pé ìyàwó náà ni olówó òun, kíá ni àṣẹ dé láti ọ̀run pé kí ó lọ nà án! Gbogbo wa tí a ti tajà àwìn rí, a mọ wòlíì yẹn. Ẹni tí a rí nínú eré náà kì í ṣe ẹ̀yà kankan. Ọ̀kánjúwà ni, ó sì wọ agbádá ẹ̀sìn.

Ohun kejì tí a ní láti mọ̀ ni pé àwọn baba wa kò fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ láìní ilé. Wọ́n fún un ní ìgbà, wọ́n fún un ní aṣọ. Ní Kétu, àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa nísinsìnyí, wọ́n ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti bọlá fún àwọn ìyá. Òru tí ó ṣáájú ijó ọ̀sán ni òru Ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó gbé ẹ̀fẹ̀ yóò kọ́kọ́ júbà: yóò júbà òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà àgbà ìlú. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi orin tú àṣírí olè, ti ọkọ aláìṣòótọ́, ti ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ mú un nítorí rẹ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí pé ìbà ni ó ṣáájú, ẹ̀fẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé. (Kétu yìí wà ní orílẹ̀-èdè tí ó ń jẹ́ Dahomey títí di 1975, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Benin. A ti rí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ wa bóyá pásípọ́ọ̀tù ni a fi ń lọ sí Ekiosa.)

Àwọn alárìnjó náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbé Tápà jáde, wọ́n ń gbé ará Dahomey jáde, wọ́n sì ń gbé òyìnbó jáde pẹ̀lú. Ní 1826, nígbà tí Hugh Clapperton wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí ó pè ní Katunga, wọ́n ṣe eré fún un ní iwájú Aláàfin. Ẹnì kan yọ jáde, ara rẹ̀ funfun, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ rí láìsí bàtà. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe àlejò náà pé kí ó wò ó dáadáa. Clapperton kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun náà ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i bí ti àwọn tókù. Ọlọgbọ́n àlejò! Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀fẹ̀ náà ti wá: onílé ni ó fi àlejò ṣẹ̀fẹ̀, lójú àlejò, lórí ilẹ̀ onílé. Bí ó bá jẹ́ Clapperton ni ó wọ aṣọ Aláàfin tí ó ń jó káàkiri, bóyá ni ìwé rẹ̀ ìbá fi délé.

Ẹ̀fẹ̀ tí ó kan ẹni tí ó ga jù wá lọ tún ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí Hubert Ògúnǹdé ṣe eré Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Àwọn ológun ni ó gbé òfin náà kúrò ní 1966. Ògúnǹdé san owó ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é ní òpònú. Ẹni tí ó ń tọ́ka sí alágbára mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹni tí ó ń tọ́ka sí mẹ́gáàdì, kí ni ó ń fi wéwu?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wa ẹni tí ó mọ àwàdà jù, a óò dá yín lóhùn láìronú: Moses Ọláìyá, ọmọ Iléṣà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tí ó kú ní 2018. Ẹ rántí aago ńlá tí ó ń so mọ́ ọwọ́ bí aago kékeré, àti awò ojú gbàǹgbà rẹ̀, àti táì ọrùn rẹ̀ tí ó fẹ̀ bí ìyẹ́ àṣá. Ta ni ó fi ṣẹ̀fẹ̀? Ara rẹ̀ ni. Ahun ni, aṣebí-ọlọ́gbọ́n ni, òun ni gbogbo ènìyàn ń tàn jẹ. Nítorí pé ó ti kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ di ẹni ẹ̀rín, ó ní àyè láti sọ ohun tí ó wù ú sí àwa yòókù, a sì ń gbà á. Ẹni tí ó bá ti bọ́ aṣọ ara rẹ̀ lójú agbo, a kì í bínú bí ó bá fa etí aṣọ wa. Ó dunni pé sinimá rẹ̀ Ọ̀run Mọ́oru, tí ó jáde ní 1982, ni àwọn olè jí ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí wọ́n ń tà á káàkiri, tí gbèsè sì wọ ọ̀gá náà lọ́rùn. Àwa tí a rẹ́rìn-ín nínú yàrá wa nígbà náà kò béèrè ẹni tí owó fídíò náà ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní Òkè Ọya níhìn-ín, àwọn onílé wa ti fi ètò sí ọ̀rọ̀ yìí ju àwa lọ. Ẹ ti rí bí ará Kánò àti ará Sáríà ti ń bú ara wọn nígbà tí wọ́n bá pàdé, àti bí Fúlàní àti Kánúrí ti ń pe ara wọn ní ẹrú. Àlejò yóò rò pé ọ̀bẹ ni ó kàn. Wàsá ni. Ẹni tí ó bá bínú ni ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a kì í fúnra ẹni yan ara ẹni sínú wàsá. Ìran méjèèjì ni í mọ̀ pé àwọn wà nínú rẹ̀. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Ìyàwó tuntun tí ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdíàrán tàbí Akọ̀wé, tí àbúrò ọkọ náà sì ń fi oúnjẹ rẹ̀ bú u, àwọn méjèèjì mọ ààlà pápá tí wọ́n ti ń ṣeré.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ eré àwọn ọ̀dọ́. Bí ó ti wà nígbà tí a wò ó, ìran mẹ́ta ni mẹ́gáàdì Hausa fi ń ṣi Yorùbá sọ, ìyá Ìbínní kan sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Oníṣòwò Yorùbá inú eré náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Òun ni ó gbọ́n jù, òun ni ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kan ní kí a fagi lé gbogbo rẹ̀. A kò fara mọ́ ìyẹn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ẹ̀bùn, a kò sì fẹ́ àjọ̀dún tí a óò máa wo ojú ara wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tí ó wà níbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n yí orí eré náà padà. Níbo ni a ti rí ẹni ẹ̀rín tí ó ju àwa lọ nígbà tí a bá ń sọ Hausa? Ogún ọdún ni àwọn kan nínú wa ti lò níhìn-ín, síbẹ̀ wọ́n ń pe Alhaji onírùngbọ̀n ní "ke" dípò "kai", wọ́n ń sọ baba ńlá ènìyàn di obìnrin lójú àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé èdè tiwa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ẹ fi oníṣòwò yẹn sí iwájú. Ẹ jẹ́ kí ó ṣi Hausa sọ, kí ó gbé mẹ́gáàdì sókè di ìyáàfin, kí mẹ́gáàdì sì fún un ní èsì tí yóò dùn ún. Ẹ fún ìyá Ìbínní náà ní ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà mẹ́ta tí a sọ fún yín. A kò gba owó lórí rẹ̀.

A ti bá ọmọkùnrin tí ó kọ eré náà sọ̀rọ̀, ó sì ti mú kálámù. Ìgbáradì tí ó kù jẹ́ ọjọ́ Àìkú méjì, lẹ́yìn ìsìn, nínú gbọ̀ngàn yìí. A ti bẹ mẹ́gáàdì gbọ̀ngàn wa kí ó wá jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì sọ ibi tí kò bá dára. Ó gbà. Ó bi wá pé èló ni a óò san fún ẹni tí ń ṣe bí òun. A ní a kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà wá máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní alẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún, kí òun lè ráyè lọ ṣe ara òun fúnra òun lórí ìtàgé.